Àlejò Ẹ̀pẹ́ Wà Nínú Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Wa

Màámi mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo mọ̀ pé ẹ kò ní dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó tì mí díẹ̀, nítorí ọkàn mi kò balẹ̀ rárá lọ́sàn-án òní. Bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí, ará Ẹ̀pẹ́ méjì wà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Ọ̀kan ni Ràfíù, ọmọ Ìyá Ẹ̀pẹ́, ọ̀rẹ́ yín tó ń fi epo ránṣẹ́ sí wa. Èkejì jẹ́ bàbá arúgbó kan tí n kò rí rí. Wọ́n ní Bàbá Sùnmọ́nù, ẹ̀gbọ́n yín, ni àwọn wá rí, àwọn kò sì ní sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni títí Bàbá yóò fi ti ìrun Jímọ́ọ̀ dé. Ẹ sì mọ ẹ̀gbọ́n yín. Ìgbà tí gbogbo èèyàn bá ti kírun tán, tí wọ́n ti ń lọ sílé, ìgbà yẹn ni tiwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, tí wọ́n á máa bọ tọmọdé tàgbà lọ́wọ́ bí ẹni tó fẹ́ gba ìbò.

Mo gbé omi fún àwọn àlejò náà, wọ́n ní àwọn dúpẹ́, wọn kò sì fẹnu kàn án. Mo gbé búrẹ́dì jáde, irú èyí gígùn tí ẹ máa ń fi ránṣẹ́ sí wọn nínú ọkọ̀ tó bá ń padà. Ràfíù wò ó, ó sì gbé ojú kúrò. Ràfíù, Màámi! Ràfíù tí ẹ sọ fún mi pé ó máa ń sáré wọ inú omi dé orúnkún láti pàdé ọkọ̀ nítorí búrẹ́dì Èkó! Mo ṣe bí ẹni tó ní iṣẹ́ lẹ́yìnkùlé, mo wọ yàrá yín, mo ti ilẹ̀kùn, mo sì mú gègé kí ọwọ́ mi lè rí nǹkan dì mú.

Kí n kúkú sọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù. Mo rò pé wọ́n wá já wa sílẹ̀ ni. Mo rò pé epo Ẹ̀pẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ wa.

Ọjà méjì ti kọjá báyìí tí ọkọ̀ wọn gúnlẹ̀ sí Ẹbúté Èrò láìsí garawa kan ṣoṣo nínú rẹ̀ tó jẹ́ tiwa. Mo bi atukọ̀ léèrè, ó ń wo omi. Mo tún bi í, ó ní òun kàn ń gbé ohun tí wọ́n bá kó fún òun ni. Ìyá Sikírù tó ń ta iyọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ wa wá fà mí sẹ́yìn lọ́jọ́ Ajé. Ẹ mọ obìnrin yẹn, tí nǹkan bá ti wà nínú rẹ̀, kò lè mí. Ó ní, “Mi ò fẹ́ dá sí i o, àmọ́ ojú mi ló ṣe. Mo rí Ràfíù n'Ídúmọ̀tà pẹ̀lú ọ̀gá elépo tó ní lọ́rì yẹn. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ṣé ó yà kí yín nílé?” Kò yà kí wa. Ó wọ Èkó, ó jáde, kò dé ọ̀dọ̀ wa.

Ẹ̀yin náà mọ bí ọjà wa ṣe rí. Ìsọ̀ tó bá ṣófo pẹ́, wọ́n á fi fún ẹni tó ní ọjà láti tò síbẹ̀. Obìnrin kan láti Èjìnrìn ti ń fi ojú wọn ààyè wa. Ó tilẹ̀ kí mi lánàá, ẹ̀rín rẹ̀ sì gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Tí Ìyá Ẹ̀pẹ́ bá yọwọ́, kì í ṣe epo wọn nìkan ló máa lọ, gbogbo ohun tí ẹ fi ọjọ́ ayé yín kó jọ síbẹ̀ ló máa lọ. Mo ti fojú ara mi rí i lọ́dún tó kọjá, ìdí sì nìyẹn tí ẹ̀rù fi ń bà mí.

Ṣé ẹ rántí bí ó ṣe máa ń rí láyé yín? Ọkọ̀ á gúnlẹ̀, àwọn aláàárù á máa ru epo gòkè, àwọn ìyá tó kù á máa ki igi bọ inú garawa tiwọn láti mọ̀ bóyá omi wà nísàlẹ̀, wọ́n á máa pariwo mọ́ atukọ̀. Ẹ̀yin á jókòó sórí àpótí yín, ẹ á máa jẹ obì bí ẹni pé epo ẹlòmíràn ni. Mo bi yín nígbà kan pé kí ló dé tí ẹ kì í ki igi bọ tiwa. Ẹ ní kí n lọ fọ agolo.

Ìyá Ẹ̀pẹ́ náà kì í tẹ̀lé ọjà wọn wá. Ìgbà tó bá wù wọ́n ni wọ́n ń fẹsẹ̀ kan Èkó, tí wọ́n bá sì dé, yàrá ẹ̀gbẹ́ kànga ni tiwọn. Ẹní wọn wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sùn lé. Èmi sùn lé e lẹ́ẹ̀kan nígbà tí mo wà ní kékeré, ìfọ́tí yín ni mo fi jí. Ẹ̀yin méjèèjì á jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, ẹ kì í sì í sọ̀rọ̀ epo. Ìyàwó ta ló bímọ, ta ló ń ṣàìsàn, ta ló fẹ́ kọ́lé, ọmọ ta ni kò gbọ́ràn. Mo máa ń gbọ́ orúkọ àwọn ará Ẹ̀pẹ́ tí n kò mọ̀ rí, mo sì mọ ìṣòro gbogbo wọn.

Ọdún tí ìjì da ọkọ̀ wọn nù sínú ọ̀sà ńkọ́? Ìsọ̀ wa ṣófo. Àwọn ará Ìkòrodù gbé epo wá bá yín, epo tó dára, ẹ ní ẹ ṣeun, ẹ ń retí ẹnì kan. Bàbá Sùnmọ́nù pè yín ní òmùgọ̀ lójú gbogbo ilé. Àràárọ̀ ni ẹ ń lọ gbá ìsọ̀ tí kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀, ẹ á wọ́n omi sí i, ẹ á jókòó. Ojú ń tì mí nígbà náà. Mo máa ń gba ọ̀nà ibòmíràn kọjá kí àwọn ẹgbẹ́ mi má baà rí mi lọ́dọ̀ yín. Kí lẹ ń rò lórí àpótí yẹn, Màámi? Ṣé ọkàn tiyín balẹ̀, àbí ẹ kàn ń bò ó mọ́ra ni?

Lẹ́yìn náà ni ẹ kú. Ọjọ́ yẹn, wọ́n ránṣẹ́ sí Òkè Pópó, wọ́n ránṣẹ́ sí Olówógbowó, wọ́n tilẹ̀ rán ẹnì kan lọ sí Ìbàdàn lọ túfọ̀ fún ìbátan yín tí kò bẹ̀ yín wò láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Mo ní kí ẹnì kan lọ sí Ẹ̀pẹ́. Bàbá Sùnmọ́nù wò mí bí ẹni pé mo ń ṣàrán. Wọ́n ní, “Ṣé oníbàárà náà la ó tún máa túfọ̀ fún? Ẹbí là ń túfọ̀ fún. Tó bá dọ́jà, á gbọ́.” Ilé ti dàrú, ẹkún ti gbà mí, n kò tún rí ẹnu sọ ọ́ mọ́.

Òótọ́ ni, Ìyá Ẹ̀pẹ́ gbọ́. Orí ìdúró ni wọ́n wà létí omi, wọ́n ń kó garawa yín sínú ọkọ̀, nígbà tí atukọ̀ sọ fún wọn pé wọ́n ti ṣàdúrà ọjọ́ kẹjọ yín tán. Wọn kò pariwo, wọn kò bú ẹnikẹ́ni. Wọ́n kàn ní kí wọ́n máa kó garawa náà padà sílé, lọ́kọ̀ọ̀kan. Láti ìgbà náà, epo kò wá mọ́.

Mo kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tí kò bìkítà. Mo rò pé epo ni epo, ẹni tó bá ti lówó lọ́wọ́ á rí rà. Mo lọ bá àwọn ará Ìkòrodù, mo lọ bá àwọn ará Èjìnrìn. Wọ́n kí mi dáadáa, wọ́n bá mi dárò yín, gbogbo wọn sì béèrè ohun kan náà: “Kí lẹ ṣe fún Ìyá Ẹ̀pẹ́?” Ìyá pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan láàrin wọn tilẹ̀ di ọwọ́ mi mú. Ó ní, “Ọmọ mi, tí ẹni tó mọ ìyá rẹ tó bẹ́ẹ̀ bá lè yọwọ́, kí ni àwa fẹ́ gbójú lé?” Kì í ṣe àwìn ni mo wá o, Màámi! Owó wà létí aṣọ mi. Síbẹ̀, epo ìsàlẹ̀ ìkòkò ni wọ́n ń tà fún mi, èyí tó kù lẹ́yìn tí gbogbo ayé ti rà tán. Àwọn oníbàárà yín ń tọ́ ọ wò, wọ́n ń rọra gbé agolo sílẹ̀, wọ́n ń sọ pé àwọn ń bọ̀. Inú bí mi sí yín, kí n má purọ́. Mo bi yín nínú ọkàn mi pé, kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi pé kì í ṣe epo lẹ ń tà?

Àwọn ẹgbẹ́ àsálátù yín ló gbà mí. N kò rán wọn níṣẹ́ o. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, wọ́n ti ibi àdúrà wá sí yàrá Bàbá Sùnmọ́nù pẹ̀lú ìbòrí funfun wọn, wọ́n jókòó. Bàbá kí wọn, wọ́n dáhùn. Bàbá fi obì lọ̀ wọ́n, wọ́n gbà á, wọ́n dì í mọ́wọ́. Wọ́n kò sì dìde. Mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ẹ̀rín ń pa mí, ẹ̀rù ń bà mí. Nígbà tó yá, Bàbá fárígá, wọ́n ní ṣé àwọn obìnrin yìí fẹ́ kí òun kú ni. Ìyá tó ṣáájú wọn ní, “Ẹnì kan ló ti kú, Bàbá. Ọjọ́ tí ẹ máa sọ fún Ẹ̀pẹ́ là ń retí.” Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Bàbá ní kí n bá òun wá fìlà ńlá òun.

Ẹ bá mi rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n yín bẹ̀rù omi! Ní gbogbo orí ọ̀sà títí dé Ẹ̀pẹ́, wọ́n di etí ọkọ̀ mú, wọ́n ń ka gbogbo àdúrà tí wọ́n mọ̀. Nígbà tí a gúnlẹ̀ ni agbára tún dé, wọ́n ní n kò gbọdọ̀ fẹnu kan oúnjẹ tàbí omi, n kò sì gbọdọ̀ yanu sọ̀rọ̀ títí àwọn yóò fi jíṣẹ́ tán. Ìyá Ẹ̀pẹ́ jókòó lẹ́nu ọ̀nà wọn. Wọ́n kí wa bí wọ́n ṣe ń kí àlejò tí wọn kò mọ̀ rí. Wọ́n ní, “Ẹ káàbọ̀. Kò sí o?”

Màámi, ẹ̀gbọ́n yín ṣí fìlà, wọ́n fi í lélẹ̀ níwájú Ìyá Ẹ̀pẹ́. Bàbá Sùnmọ́nù tí kì í ṣí fìlà fún ẹnikẹ́ni! Wọ́n sì túfọ̀ yín bí ẹni pé àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni ẹ kú. Wọ́n ní, “Àbúrò mi ti fi wá sílẹ̀. Ẹ̀yin la wá túfọ̀ fún.” Ìyá Ẹ̀pẹ́ sọ̀rọ̀, ohùn wọn kò sì lọ sókè. Wọ́n ní, “Lẹ́nu èrò ẹbúté ni mo ti gbọ́ ọ. Mò ń sọ fún atukọ̀ pé kó bá mi kí i, ó ní, ta ni kí òun kí?” Wọ́n dìde, wọ́n wọlé, ibẹ̀ ni a ti gbọ́ igbe wọn. Ó ti pẹ́ tí ẹ ti lọ nígbà náà, ṣùgbọ́n ẹkún ọjọ́ ikú gan-an ni. Nígbà tí wọ́n jáde, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi bu omi fún wa. Wọn kò dárúkọ epo. Ọjà tó tẹ̀lé e ni garawa wa dé, mo jókòó sórí àpótí yín, n kò ki igi bọ ọ̀kankan nínú wọn.

Ohun tí mo gbà padà nìyẹn, tí mo rò pé ó tún ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Kí ni mo ṣe? Mo ń fi búrẹ́dì ránṣẹ́. Nígbà tí Ràfíù bímọ, mo lọ, mo bá wọn gbé ọmọ jó. Ẹní ẹ̀gbẹ́ kànga, ẹnikẹ́ni kò sùn lé e. Ṣé nǹkan mìíràn wà tí ẹ máa ń ṣe tí n kò rí ni? Ṣé ó ṣeé ṣe kí èèyàn jogún àpótí kó má jogún ẹni tó ń jókòó sórí rẹ̀?

Mo ń gbọ́ ọ̀pá Bàbá lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ti dé. Wọ́n ń pè mí. Màámi, ẹ bá mi dúró.

*

Mo ti padà dé. Ojú mi ti wú, ẹ má bínú sí ìkọ̀wé mi.

Mo jókòó sílẹ̀ létí ilẹ̀kùn. Bàbá kí wọn, wọ́n kí Bàbá. Mo ti to gbogbo ohun tí n óò sọ jọ lọ́kàn. Mo fẹ́ bẹ̀bẹ̀, tí ẹ̀bẹ̀ kò bá sì ràn án, mo fẹ́ rán Ràfíù létí ìsọ̀ tí ẹ gbá lófìfo nítorí ìyá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti wà lórí ahọ́n mi. Bàbá arúgbó yẹn wá gbé ọwọ́ sókè, ó ṣí fìlà rẹ̀, ó sì fi í lélẹ̀.

Bí fìlà yẹn ṣe kan ilẹ̀ ni mo mọ̀. Omi tí wọn kò mu, búrẹ́dì tí Ràfíù gbé ojú kúrò lára rẹ̀, bí wọ́n ṣe dúró de olórí ilé. Èmi náà ti ṣe gbogbo rẹ̀ rí ní Ẹ̀pẹ́, ìbẹ̀rù epo ni kò jẹ́ kí n rí i. Arúgbó náà ní, “Ìyá Ràfíù ti jẹ́ ìpè Ọlọ́run lánàá. A ti sin wọ́n. A ò tíì débì kankan l'Ékòó, ọ̀dọ̀ yín la kọ́kọ́ wá.” Lẹ́yìn náà, ó yí ojú sí mi. Ó ní, “Àwọn gan-an ló sọ ọ́ lórí àìsàn, pé tóun bá lọ, ọmọ òun tó wà n'Ísàlẹ̀ Èkó ò gbọdọ̀ gbọ́ ọ lójú ọ̀nà.”

N kò mọ ìgbà tí mo ké. Bàbá Sùnmọ́nù ló gbá mi mú, àwọn fúnra wọn sì ń sunkún, wọ́n ń sọ pé ẹbí wa ni, ẹbí wa ni. N kò rán wọn létí pé oníbàárà ni wọ́n pe Ìyá Ẹ̀pẹ́ nígbà kan. Ẹ kò ní fẹ́ kí n ṣe bẹ́ẹ̀.

Ràfíù wá sọ fún mi pé ó ti pẹ́ díẹ̀ tí ìyá òun ti dùbúlẹ̀, àìsàn náà ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè kó epo jọ. Oògùn ló wá wá n'Ídúmọ̀tà lọ́jọ́ tí wọ́n rí i, ọ̀gá elépo yẹn ló mọ dókítà kan. Ìyá rẹ̀ ló ní kó má yà sọ́dọ̀ wa, kó sì ní kí atukọ̀ pa ẹnu mọ́, nítorí pé tí mo bá gbọ́, n óò pa ọjà tì, n óò wá jókòó tì wọ́n. Òótọ́ ni, ohun tí n óò ṣe nìyẹn. Èmi tí mo ti fi ọmọ olọ́mọ ṣe ọ̀dàlẹ̀ nínú ọkàn mi láti ọjọ́ Ajé!

N kò béèrè epo, Ràfíù náà kò dárúkọ rẹ̀. Bàbá ní ọjọ́ kẹjọ, gbogbo ilé wa ló ń lọ, kí n ránṣẹ́ sí àwọn ẹgbẹ́ àsálátù yín. Wọ́n tún bi mí bóyá omi máa ń le ní irú àkókò yìí. Arúgbó náà ti lọ síbi tó máa wọ̀ sí lọ́dọ̀ ìbátan rẹ̀ ní Òkè Pópó. Ràfíù jẹ búrẹ́dì náà nígbẹ̀yìn. Ó gé e díẹ̀, ó ń jẹ ẹ́, omijé ń bọ́ sí i. Nígbà tó jẹun tán, ó béèrè ibi tí ìyá rẹ̀ máa ń sùn. Mo mú un lọ sí yàrá ẹ̀gbẹ́ kànga, mo gbọn ẹní náà, mo tẹ́ ẹ fún un. Ó ti sùn lọ síbẹ̀ báyìí.

Màámi, mi ò padà wá síbi ìwé yìí nítorí ọ̀rọ̀ ọjà. Ẹ̀yin ló kù tí ẹnì kan kò tíì sọ fún. Mo mọ̀ pé ọmọdé ni mí, ó sì yẹ kí àgbàlagbà ló wá, ṣùgbọ́n ta ni wọ́n fẹ́ rán sí yín? N kò ní fìlà. Mo ti tú gèlè mi, mo fi í lélẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi. Omi wà níwájú mi, n kò tíì fẹnu kàn án.

Rábíátù, ọ̀rẹ́ yín ará Ẹ̀pẹ́, ti fi wá sílẹ̀ lánàá. Ẹ̀yin ni mo wá túfọ̀ fún. Bóyá ẹ ti rí ara yín kí n tó mú gègé, bóyá ẹ ti jókòó tira yín, tí ẹ ń sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tí kò gbọ́ràn. Tó bá sì jẹ́ pé wọn kò tíì débẹ̀, ẹ bá wọn tẹ́ ẹní sílẹ̀. N kò kàn fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu èrò ẹbúté ni.

Èmi ni,
ọmọ yín tó ń jókòó sórí àpótí yín, tó sì fẹ́ràn yín dọ́ba.